Èwo Nínú Antibáyótíìkì Ló Lágbára Jù?

Ẹ jókòó sí kẹ́mísì èyíkéyìí ní Mọ́kọlá tàbí Bẹẹrẹ nílùú Ìbàdàn fún ìgbà díẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ: “Dọ́kítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lóògùn tó lágbára. Amoxicillin yẹn ò ṣe nǹkan kan fún mi mọ́.” Ẹni tí wọ́n ń pè ní dọ́kítà náà lè má ju ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Èrò tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ ká yanjú. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé ńṣe làwọn antibáyótíìkì tò léra wọn bí oyè Ìbàdàn: amoxicillin ni Mọ́gàjì, Augmentin ga jù ú lọ díẹ̀, sípírò (ciprofloxacin) tún gòkè sí i, abẹ́rẹ́ ceftriaxone ló wá gorí ìtẹ́ Olúbàdàn. Bí ti ìsàlẹ̀ ò bá ṣiṣẹ́, kéèyàn gun òkè.

Kò sí àkàsọ̀ kankan níbẹ̀. Ibi tí oògùn kọ̀ọ̀kan ti ń bá kòkòrò jà ló ya ọ̀kan sọ́tọ̀ sí èkejì. Oògùn tó ń pa kòkòrò kan lójú ẹsẹ̀ lè wọ inú òmíràn kó má rí nǹkan kan ṣe níbẹ̀, nítorí pé ohun tó fẹ́ bà jẹ́ kò sí lára ìyẹn.

Láti pa bakitéríà, ìyẹn kòkòrò tíntìntín tí antibáyótíìkì wà fún, kò ṣòro. Izal ń pa á, omi gbígbóná ń pa á. Ohun tó ṣòro ni kéèyàn pa á nínú ara èèyàn láì pa onítọ̀hún mọ́ ọn. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni bakitéríà, sẹ́ẹ̀lì náà ni wọ́n fi kọ́ ara tiwa. Àwọn méjèèjì ń jẹun, wọ́n ń ṣe púrótéènì, wọ́n sì ń bí irú ara wọn. Nítorí náà, oògùn tó bá máa wúlò gbọ́dọ̀ wá ohun tí bakitéríà ní tí àwa kò ní, tàbí ohun tí àwa méjèèjì ní àmọ́ tí tirẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa.

Ògiri ni wọ́n kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀ jù. Bakitéríà ní ògiri tó yí i ká, sẹ́ẹ̀lì tiwa kò ní. Okùn ṣúgà ni ògiri náà, tí ègé púrótéènì kéékèèké so pọ̀ mọ́ra, òun ni kò jẹ́ kí bakitéríà bẹ́, torí pé inú rẹ̀ kún, ó sì ń ti ògiri náà síta nígbà gbogbo. Bó bá ń dàgbà, ó ní láti máa tú ògiri yìí díẹ̀díẹ̀ kó sì máa tún un so. Amoxicillin á wá lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ tó ń ṣe ìsopọ̀ yẹn gbọin-gbọin. Bakitéríà á máa tú ògiri lọ, kò ní rí i so mọ́, omi á máa wọlé, yóò sì bẹ́. Ìdí tí penicillin, ẹbí tí amoxicillin ti wá, kì í fi í ṣe sẹ́ẹ̀lì tiwa ní jàǹbá bẹ́ẹ̀ nìyẹn: kò rí ògiri kankan lára wa. (Àwọn kan wà tí ara wọn kọ̀ ọ́, tí ojú wọn á wú tàbí tí èémí wọn á há. Ọ̀rọ̀ ìyẹn yàtọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun rí bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó fún un ní ohunkóhun.)

Alexander Fleming ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí penicillin lára ẹ̀bu kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1928. Florey, Chain àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Oxford ló wá sọ ọ́ di oògùn tí wọ́n lè fún aláìsàn, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940. Ampicillin, cloxacillin, amoxicillin, cefuroxime, cefixime, ceftriaxone, ẹbí kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ ò wá rí i pé ceftriaxone tí a fi jẹ Olúbàdàn lẹ́ẹ̀kan, agboolé kan náà lòun àti amoxicillin ti wá, ògiri kan náà sì ni wọ́n jọ ń bà jẹ́. Lóòótọ́, ceftriaxone rọ́nà wọ inú àwọn bakitéríà kan tí amoxicillin kì í rí wọ̀, ó sì tún pẹ́ nínú ara. Ṣùgbọ́n bí kòkòrò kò bá ní ògiri rárá, àti ọba àti mọ́gàjì, òfo ni wọ́n jọ máa bá bọ̀. Bakitéríà kan wà tí wọ́n ń pè ní Mycoplasma, tó máa ń fa ikọ́ àti àrùn ẹ̀dọ̀fóró. Kò ní ògiri. Ẹ fi abẹ́rẹ́ ceftriaxone gún onítọ̀hún fún ọ̀sẹ̀ kan, bí ẹni yin àgbàdo sẹ́yìn igbá ni.

Fáírọ́ọ̀sì náà kò ní ògiri yìí, kò tilẹ̀ ní sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀. Inú sẹ́ẹ̀lì wa ló ti ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀fìnkìn, òun náà ló sì ń fa púpọ̀ nínú ìgbẹ́ gbuuru àwọn ọmọdé. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Kò sí ẹyọ kan nínú àwọn oògùn tí mo máa dárúkọ lónìí tó ń ṣe fáírọ́ọ̀sì ní nǹkan kan.

Bakitéríà náà kì í káwọ́ gbera. Ní 1940, kí penicillin tó dé ọwọ́ aráàlú rárá, Abraham àti Chain ti rí i pé àwọn bakitéríà kan ń ṣe ohun kan jáde tó ń gé penicillin kó tó ṣe iṣẹ́ kankan. Ohun tó ń gé e yìí ni Augmentin wà fún. Amoxicillin inú Augmentin kò fi ibì kankan yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú páálí olówó pọ́ọ́kú. Wọ́n kàn fi clavulanic acid kún un, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju pé kó há sẹ́nu ohun tó ń gé oògùn náà, kí amoxicillin lè ráyè kọjá. Bí kòkòrò tó ń ṣe yín kò bá ní ohun tó ń gé oògùn, owó lẹ fi ṣòfò, ó sì ṣeé ṣe kí inú yín tún dàrú sí i, torí clavulanic acid máa ń yọ inú lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ampiclox. Ampicillin àti cloxacillin ni wọ́n pa pọ̀ níbẹ̀, torí pé ohun tí bakitéríà Staphylococcus fi ń gé penicillin kì í rí cloxacillin gé. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń gbé Ampiclox mì lẹ́yìn ìbálòpọ̀. Ògiri bakitéríà ló ń bà jẹ́ o! Kò dá oyún dúró, kò sì dènà HIV. Àtọ̀sí òde òní pàápàá, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kì í gbọ́ ti penicillin mọ́.

Nǹkan kan tún wà nípa ògiri yìí. Ní 1884, dókítà ará Denmark kan, Hans Christian Gram, wá ọ̀nà láti pa bakitéríà láró kí wọ́n lè rí wọn dáadáa. Àwọn kan gba aró elésè àlùkò náà, wọ́n sì dì í mú. Àwọn yòókù kò dì í mú. Ìgbà tó yá ni wọ́n tó mọ̀dí rẹ̀: àwọn tó gba aró ní ògiri nínípọn lóde, ògiri àwọn tí kò gbà á fẹ́lẹ́, àmọ́ wọ́n tún wọ aṣọ ọlọ́ràá kan lé e lórí. Kòkòrò taifọ́ọ̀dù wà nínú àwọn aláṣọ yìí, E. coli tó sábà máa ń fa àrùn ọ̀nà ìtọ̀ náà wà níbẹ̀. Oògùn tó bá tóbi jù kò lè gba ojú ihò aṣọ yẹn kọjá. Vancomycin, tí wọ́n ń tọ́jú fún àìsàn tó le gan-an ní ilé-ìwòsàn ńlá, kò rí E. coli gbé ṣe nítorí èyí. Amoxicillin tí ẹ ń fojú kéré sì ń gbabẹ̀ kọjá.

Ẹ jẹ́ ká kúrò lára ògiri, ká wọlé. Nínú bakitéríà ni ríbósóòmù wà, ẹ̀rọ tín-ín-tín tó ń hun púrótéènì. Àwa náà ní tiwa, àmọ́ ìrísí tiwa yàtọ̀ sí tirẹ̀. Ibẹ̀ ni tẹ́trà (tetracycline) ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ilé ló mọ kápúsù pupa-àti-yẹ́lò yẹn. Ọmọ ṣubú lórí ọ̀kadà, wọ́n tú tẹ́trà sójú egbò. Inú ń run èèyàn, wọ́n gbé tẹ́trà méjì mì pẹ̀lú Flagyl méjì. Ohun tí tẹ́trà ń ṣe gan-an ni pé ó ń jókòó sí ẹnu ibi tí èlò púrótéènì ń gbà wọ inú ríbósóòmù, kò ní jẹ́ kó wọlé. Bakitéríà kò kú lójú ẹsẹ̀. Ó kàn dúró sójú kan, kò dàgbà, kò bímọ. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ wa ló máa wá parí iṣẹ́. Ìyẹn fẹ́ ọjọ́ mélòó kan tí oògùn kò ní wọ́n nínú ẹ̀jẹ̀, kápúsù méjì lẹ́ẹ̀kan kò lè ṣe é. Ní ti egbò, etù náà á gbẹ lé e lórí, á sì bo ìdọ̀tí mọ́lẹ̀. Omi tó mọ́ àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́.

Tẹ́trà tún fẹ́ràn káṣíọ́ọ̀mù. Bó bá rí i, á lẹ̀ mọ́ ọn. Eyín ọmọdé tó ń hù kún fún un, ìdí nìyẹn tí eyín ọmọ tó bá lo tẹ́trà, tàbí tí ìyá rẹ̀ lò ó nínú oyún, fi lè pọ́n tàbí kó dúdú títí ayé. Mílíìkì náà kún fún káṣíọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá fi ògì tí wọ́n da mílíìkì sí gbé tẹ́trà mì, púpọ̀ nínú oògùn náà á lẹ̀ mọ́ mílíìkì nínú ikùn, á sì bá ìgbẹ́ lọ. Sípírò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, blood tonic tó ní áyọ́ọ̀nù nínú sì ń ṣe é bíi mílíìkì. Ẹ fi omi lásán gbé e mì. Bó bá jẹ́ doxycycline, tó jẹ́ àbúrò tẹ́trà, kí omi náà pọ̀, kí ẹ má sì lọ dùbúlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, torí bó bá há sí ọ̀nà ọ̀fun, á dá egbò síbẹ̀.

Ríbósóòmù yìí kan náà ni erythromycin àti azithromycin ń dí ní apá ibòmíràn. Chloramphenicol náà níbẹ̀ ni tirẹ̀. Inú bakitéríà kan tí wọ́n rí nínú iyẹ̀pẹ̀ ilẹ̀ Venezuela ni wọ́n ti yọ ọ́ ní 1947, òun sì ni ààyò oògùn taifọ́ọ̀dù nígbà kan. Àmọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó máa ń ba mùdùnmúdùn inú eegun jẹ́ débi tí ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dá mọ́, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ọ́n báyìí gẹ́gẹ́ bí oògùn ojú nìkan.

Gentamicin, abẹ́rẹ́ tí gbogbo èèyàn ń pè ní “génta”, ń mú kí ríbósóòmù ka iṣẹ́ tí wọ́n rán an sódì, tí á fi máa hun púrótéènì játijàti. Ìyẹn ń pa bakitéríà ní tirẹ̀. Ìfun kì í gbà á wọ ẹ̀jẹ̀, ni wọ́n ṣe ń gún un. Ó sì lè ba etí àti kíndìnrín jẹ́ bí wọ́n bá gún un ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun kan wà nípa génta tó ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú: bí wọ́n bá fi òun àti kòkòrò taifọ́ọ̀dù sínú àwo ní làábù, ó ń pa á. Bí wọ́n bá gún aláìsàn taifọ́ọ̀dù, kì í ṣiṣẹ́. Ìdí ni pé inú sẹ́ẹ̀lì tiwa ni kòkòrò taifọ́ọ̀dù máa ń sá pa mọ́ sí, génta kì í sì í rọ́nà wọ inú sẹ́ẹ̀lì wa dáadáa. Azithromycin ń wọ̀ ọ́, ó tiẹ̀ ń kóra jọ síbẹ̀. Taa ló wá lágbára nínú àwọn méjèèjì? (Ní ti taifọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, tẹ́ẹ̀sì Widal tí wọ́n ń ṣe kiri, ti 1896 ni. Ó máa ń sọ pé taifọ́ọ̀dù wà níbi tí kò sí, kò sì lè sọ oògùn tí kòkòrò máa gbọ́.)

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rá kékeré. Ẹ mọ ọ̀rá tí mò ń sọ, èyí tí wọ́n máa ń kó oògùn oríṣiríṣi sí láìkọ orúkọ sí i lára, “àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́.” Ìyá kan láti Òjé gbé tirẹ̀ wá hàn mí. Mo ní, “Màámi, kí ni wọ́n ní ó wà nínú ẹ̀?” Wọ́n ní, “Oògùn ibà àti taifọ́ọ̀dù ni, ọmọ mi. Wọ́n ní kí n má jẹ ọsàn sí i.” Tẹ́trà kan, Ampiclox kan, hóró Flagyl kan, àti hóró funfun kékeré kan tí n kò mọ̀. Ẹ rántí pé ìgbà tí bakitéríà bá ń dàgbà, tó ń tú ògiri tó sì ń so ó, nìkan ni Ampiclox lè pa á. Ẹ sì rántí pé iṣẹ́ tẹ́trà ni pé kó dá ìdàgbà yẹn dúró. Ọ̀kan ń dí èkejì lọ́nà. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé lásán: ní 1951, àwọn dókítà méjì ní Amẹ́ríkà, Lepper àti Dowling, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn tí bakitéríà pneumococcus fún ní àrùn yírùnyírùn. Àwọn tó gba penicillin nìkan yè ju àwọn tí wọ́n fi oògùn ẹbí tẹ́trà kún tiwọn.

Kì í ṣe gbogbo àpapọ̀ ló burú. Oògùn mẹ́rin ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ikọ́ ife ní ilé-ìwòsàn àyà ní Jẹ́ríkò àti káàkiri ayé, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni ibi tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń bá kòkòrò náà jà. Bó bá ta ọgbọ́n sí ọ̀kan, á kan èkejì. Ìtọ́jú náà ń tó oṣù mẹ́fà nítorí pé kòkòrò ikọ́ ife kì í kánjú. E. coli lè di méjì láàárín ogún ìṣẹ́jú bí oúnjẹ bá wà. Ti ikọ́ ife lè gbà tó ọjọ́ kan gbáko, àwọn mìíràn nínú wọn á sì sùn lọ fọnfọn. Rifampicin, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà, ló ń jẹ́ kí ìtọ̀ pọ́n bí omi ọsàn. Ẹ má jáyà bí ẹ bá rí i. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dí ẹ̀rọ tó ń da iṣẹ́ tó wà nínú DNA bakitéríà (ibi tí wọ́n kọ gbogbo ìlànà ara rẹ̀ sí) kọ sílẹ̀ kí ríbósóòmù tó rí i kà.

DNA ọ̀hún gan-an ni sípírò àti levofloxacin dojú kọ. DNA gùn ju bakitéríà tó wà nínú rẹ̀ lọ fíìfíì, ó sì ń lọ́ mọ́ra bí wọ́n bá ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Bakitéríà ní ẹ̀rọ kan tó ń gé e, tó ń tú lílọ́ rẹ̀, tó sì tún ń so ó padà. Sípírò máa ń dá ẹ̀rọ yìí dúró lẹ́yìn tó bá ti gé e, kó tó so ó. DNA á já, ó tán. Oògùn rere ni, ṣùgbọ́n ó lè ba iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ jẹ́, pàápàá lára àgbàlagbà, n kò sì mọ ìdí tí a fi ń tà á bíi gúgúrú.

Flagyl ni mo rò pé a ṣì lò jù lọ. Bó ṣe wọ inú ara, kò tíì di májèlé. Inú sẹ́ẹ̀lì tí kò sí ọ́síjìn níbẹ̀ nìkan ló ti ń yí padà, ibẹ̀ ló ti ń fọ́ DNA. Àwọn bakitéríà tó ń gbé ibi tí afẹ́fẹ́ kì í dé ni tirẹ̀: inú ìkójọ ọyún, ìdí eyín tó jẹrà, abẹ́ obìnrin nígbà mìíràn. Ó tún ń pa amoeba, tí kì í ṣe bakitéríà rárá. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ nínú àwọn kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, àtorí E. coli dórí onígbáméjì, kì í gbọ́ tirẹ̀. Bí ìgbẹ́ náà bá sì dúró lọ́jọ́ kejì, bó ṣe máa ń dúró fúnra rẹ̀, Flagyl la máa gbé oríyìn fún. Omi ORS, ìyẹn omi oníyọ̀ àti ṣúgà, ló yẹ kó kọ́kọ́ wọnú aláìsàn.

Septrin ló kù, ìtàn tirẹ̀ sì dùn mọ́ mi. Ara wa nílò fólétì, irú fítámì kan, inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà la ti ń rí i jẹ. Ọ̀pọ̀ bakitéríà kò lè gbà á láti ìta, àfi kí wọ́n sè é fúnra wọn. Oògùn méjì ló wà nínú Septrin, tí wọ́n ń dí ibi méjì tó tẹ̀ léra nínú sísè náà. Ọ̀kan nínú wọn wá láti ẹbí súlfà, tó ṣáájú penicillin dé ọwọ́ aláìsàn: ní 1935 ni Gerhard Domagk ní Jámánì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde, látara aró pupa kan tí wọ́n ń pè ní Prontosil. Àwọn tí ara wọn kò gba súlfà wà láàárín wa o. Bí ara bá bó tàbí ẹnu bá là lẹ́yìn Septrin, ilé-ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, bakitéríà ṣì ń rọ́nà gbà. Òmíràn ń yí ìrísí ibi tí oògùn fẹ́ lẹ̀ mọ́ padà, òmíràn ń fọn oògùn síta bó ṣe ń wọlé. Wọ́n sì ń fi ọgbọ́n náà ṣọwọ́ síra wọn, láti orí ẹ̀yà kan dé òmíràn. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Iruka Okeke ń ṣe nìyẹn, wíwádìí àwọn bakitéríà tí kò gbóògùn mọ́. Ìṣirò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2022 sọ pé ní 2019, irú àwọn bakitéríà bẹ́ẹ̀ pa èèyàn tó tó mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ mẹ́tàlá ààbọ̀ lágbàáyé.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì “sensitivity” ní làábù, ẹ gbé ìtọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ yẹn sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé kápúsù kankan mì, bí àìsàn náà bá ṣeé dúró dè. Wọ́n á gbin kòkòrò náà sínú àwo, wọ́n á to bébà róbótó kéékèèké tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn lé e lórí, wọ́n á sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Oògùn tí kòkòrò náà ń gbọ́, ojú rẹ̀ á dá róró yí ká. S lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ oògùn ni pé ó ń gbọ́ ọ, R ni pé kò gbọ́. Àwọn kan máa ń bèèrè èyí tí òbìrí rẹ̀ fẹ̀ jù kí wọ́n lè ra ìyẹn. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀: bí oògùn kọ̀ọ̀kan ṣe ń tàn ká nínú àwo yàtọ̀ síra, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn kálukú sì yàtọ̀, òbìrí kékeré ti ọ̀kan lè dára ju ńlá ti èkejì lọ. Bó bá jẹ́ pé E. coli ni wọ́n rí, tí ẹ sì yẹ ìwé náà wò títí tí ẹ kò rí Flagyl níbẹ̀, ẹ má bá ọmọ làábù jà. Wọn kò gbàgbé. Ìbéèrè yẹn kò sí fún kòkòrò náà ni.